Iná Kò Lọ Lọ́jọ́ Náà

Wọ́n lé Bàbá Kúdí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àṣìṣe tí èmi ṣe.

Láti ìgbà náà ni mo ti pa á mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé bàbá náà wá sílé mi ní Elelenwo, ní Port Harcourt níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn jẹ́rìí.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń báni gba ẹrù jáde ní èbúté Onne la jọ ń bá ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń tọ́jú sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù gbára lé. Bàbá Kúdí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Àwa méjèèjì nìkan ni Yorùbá níbẹ̀. "Ọmọ wa" ni wọ́n máa ń pè mí.

Ètò tó ń gbé àwọn sáfà wa ṣiṣẹ́ ti gbó, a ní láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo bẹ mánéjà pé kó fún mi ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí a ó fi ti gbogbo rẹ̀ pa. Ó kọ̀. "Ship no dey wait for church," ló wí. Iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ó ṣeé ṣe náà. Sáfà méjì la ní. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kó gbogbo iṣẹ́ sórí ọ̀kan, á tún èkejì ṣe, á dán an wò dáadáa. Bí ìyẹn kò bá tíì dá a lójú, kò ní fọwọ́ kan èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì. Mo mọ̀ ọ́n.

Èyí tí mo kọ́kọ́ tún ṣe jí pépé. N kò dán an wò. Mánéjà ń pè mí lemọ́lemọ́, èmi náà sì ń wá ìyìn. Mo bọ́ sórí èkejì. Ìgbà tí méjèèjì di tuntun tán ni mo tó rí i pé ètò tí a fi ń ṣe ìwé ìjáde kọ̀ńténà kò bá wọn mu. Kò sí èyí tí a lè padà sí mọ́. Tírélà tò láti géètì dé títì.

Mánéjà já wọlé. "Wetin happen?"

Mo ní, "Na light. E blink."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ní Port Harcourt yìí, bí èèyàn bá di ẹ̀bi ru iná, ta ni yóò tún bi í léèrè? Àwọn oníná ni mo rò pé a ó bú, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. N kò rántí pé jẹnẹrétọ̀ la ń lò láti àárọ̀.

"So na that Baba sleep!" ni mánéjà ké.

Bàbá Kúdí sáré dé, ọwọ́ wọn kún fún ọ́ìlì. "Oga, I no sleep o! Gen no quench at all." Wọ́n wá yíjú sí mi: "Ọmọ wa, ṣé o gbọ́ kó dákẹ́ ni?"

Mo wolẹ̀. Mánéjà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn lójú mi.

Ní báyìí, ilé iṣẹ́ mìíràn fẹ́ gba bàbá náà. Ilé iṣẹ́ náà béèrè nípa wọn lọ́dọ̀ wa, mánéjà sì fèsì pé oorun ni wọ́n máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí tí bàbá fi wá bá mi nìyẹn. "Ìwọ lo wà níbẹ̀. Bá mi sọ fún wọn pé n kò sùn. Bóyá wáyà ló ṣe é." Wọn kò fura sí mi rárá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún: bàbá ni, àbí àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́?

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ńkọ́? Èmi ni mo purọ́, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe yín tí ẹ kò lè fún mi ní Sọ́ńdè kan ṣoṣo? Fáànù ń fẹ́ lórí yín láti àárọ̀ ọjọ́ náà títí ẹ fi lé bàbá yẹn lọ. Ta ni nínú yín tó rí i kó dúró? Ẹ dá mi lóhùn.