Ọmọrí Igbá Wàsílátù

Ẹ̀gbọ́n Gàníyátù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá mú bàbá yín lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí Láníyì ṣáná sí bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ ọnà tẹ́ ẹ wá dágbére fún Bàbá Jàbárù, ẹ dúró gbọ́ mi. Bí bọ́ọ̀sì yìí bá gbé Bàbá kúrò ní Orozo lọ sí Ọ̀yọ́ kí n tó sọ̀rọ̀, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́ láéláé. Bàbá kò ṣarán. Orí wọn pé. Èmi Hanifah tí mo máa ń mú àlejò yí ká ibí ni mo purọ́ mọ́ wọn.

Gbogbo yín lẹ mọ igbá tó wà nínú àpótí onígíláàsì. Bàbá ló fín in nígbà tí wọ́n ń fẹ́ Ìyá Wàsílátù, ìyàwó wọn tó ti dolóògbé. Inú igbá kan ṣoṣo ni wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ àti ọmọrí rẹ̀, wọ́n sì gé ẹnu rẹ̀ bí eyín ayùn, débi pé ọmọrí mìíràn kò lè bá a mu. Ẹyẹ méjì tó kọjú síra wà lórí rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá ń ròyìn rẹ̀ fún àlejò, omi á lé sí mi lójú. Ìwé ìfẹ́ ni mo fi dàgbà, lábẹ́ káńtà ìyá mi lọ́jà Karmo, mo sì rò pé ìfẹ́ inú igbá yẹn ju tinú ìwé lọ.

Láníyì tó ń fi bọ́ọ̀sì kó àlejò wá láti ìgboro ni mo fẹ́ràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún 2006, tí àwọn àlejò ń jẹun lábẹ́ igi, ó ní, "Olólùfẹ́, jẹ́ ká fi igbá ìyàwó yẹn mu omi. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú àwọn ìwé ẹ nìyẹn?" Òmùgọ̀ ni mí! Mo ṣí àpótí, mo yí ọmọrí sódì, mo bu omi sí i. Ó mu, èmi náà mu. Ó fọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ọmọrí yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ sí mẹ́ta. "Kai! Igbá lásán," ni Láníyì wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Tó o bá dárúkọ mi, èmi àtìẹ parí nìyẹn o." Mo bá mú ọmọrí mìíràn tí Bàbá fín ẹyẹ sí, èyí tó wà fún títà, mo fi dé e.

Ọjọ́ tí Bàbá fẹ́ nu igbá náà ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Wọ́n yí ọmọrí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. "Hanifah, ọmọ mi, ọwọ́ mi ló gé ẹnu igbá yìí. Kí ló dé tí kò padé mọ́?"

"Bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn, Bàbá."

"Báyìí ni mo ṣe gbé e fún Wàsílátù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ti gbàgbé ni."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ mọ́. Wọ́n á jókòó ti àpótí, wọ́n á máa bi àlejò bóyá igbá náà dé dáadáa. Sànúsí, ìwọ tó ò ń hun aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣebí o máa ń sọ pé, "Sànnu o, Bàbá Onígbá! Ẹ rántí orúkọ ara yín lónìí?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ẹ̀gbọ́n Gàníyátù, ẹ pè mí lórí fóònù, ẹ ní, "Má tàn mí o. Ṣé orí bàbá mi ṣì pé?" Bàbá ń wò mí bí mo ṣe dáhùn pé, "Wọ́n ti ń ṣarán. Ẹ wá mú wọn." Wọ́n gbọ́. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì gbà mí gbọ́.

Ẹ gbọ́ bí Láníyì ṣe ń tẹ hóònù? Kò kánjú kankan, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀yin ọmọge, ẹ máa ka ìwé ìfẹ́ yín, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ní kí ẹ fi irọ́ bo òun láṣìírí, ẹ sá fún un. Bàbá, mo kúnlẹ̀. Àfọ́kù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rèé nínú ìborùn mi. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí lónìí, ó tọ́ sí mi. Ẹ ṣáà tò wọ́n sẹ́nu igbá yẹn, kí gbogbo ayé rí i bó ṣe padé. Ọwọ́ yín kò gbàgbé nǹkan kan, Bàbá. Èmi ni mo ní ó gbàgbé.