Ìjókòó Ẹ̀yìn

Mo ń dúró kí wọ́n pààrọ̀ bíréèkì mi ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Festac, nígbà tí obìnrin kan tó máa ń fi mọ́tò díje sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ẹ̀, tó sì jókòó ti mẹkáníìkì náà bí ẹni tí kò rí oorun sùn.

"Ó ṣì ń lọ́ra. Tí mo bá tẹ tọ́tù, ó máa ń ronú kó tó gbéra."

"Àǹtí, a ti fọ ìdí tọ́tù, a ti fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á dé Amúwo ni, ṣe ló fò. Mọ́tò ń dáhùn. Ẹ̀yin lẹ ò pè é."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni wí. Ó ti rẹ òun náà.

"Ṣé ẹ rántí pé mọ́tò yìí la fi ń gbé màámi lọ sí ọsibítù? Gbogbo kòtò títì yìí ló ń dùn wọ́n dé eegun. Tí mo bá ti tẹ tọ́tù díẹ̀ báyìí, wọ́n á ní, 'Rọra, ọmọ mi.' Ẹsẹ̀ mi ò tíì gbàgbé."

"Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn."

"Àmín."

"Ìjókòó ẹ̀yìn tá a dá padà sínú mọ́tò torí tiwọn ńkọ́? Ó wúwo, Sátidé sì ni ìje."

"Mo mọ̀ pé ó wúwo."

"Ṣé kí n yọ ọ́?"

Obìnrin náà wo inú mọ́tò títí.

"Ẹ ṣáà bá mi tún tọ́tù yẹn wò."