Ẹsẹ̀ Tí Mo Pè Ní Ìrẹsì

Ìwà òmùgọ̀ kan ni mo hù nínú ọkọ̀ Owódé sí Ìlarò, nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa: mo rí ẹsẹ̀ obìnrin kan tó ki pọ́pọ́ lábẹ́ ìró, mo ṣe bí ìrẹsì fàyàwọ́ ló dì mọ́ ọn, ni mo bá sún mọ́ fèrèsé, mo ń gbàdúrà kí kọ́sítọ̀mù má pè mí ní ọkọ rẹ̀.

Àfi ìgbà tí ìyá tó jókòó tì í ní, “Àbúrò, báńdéèjì ẹ ń tú.”

“Ẹ jẹ́ ó tú, ẹ̀gbọ́n. Káńsù ni mò ń gbé e lọ fi hàn. Ìdérí gọ́tà tí wọ́n ṣe síwájú ọjà ló jìn mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ nìyí.”

“Kí wọ́n tọ́jú ẹ, kí wọ́n sì san gbà-má-bínú.”

“Ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n á bèèrè ohun tí mo rù lọ́jọ́ náà.”

“Kí lo rù?”

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Èmi náà na etí.

“Ìrẹsì ni. Èyí tá a máa jẹ nílé ni o. Wọ́n á ní ẹrù fàyàwọ́ ló wúwo jù fún ìdérí àwọn.”

Ẹrù fàyàwọ́! Ni mo bá tún fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Obìnrin náà ní, “Ẹ jẹ́ n kúkú sọ̀ níwájú, kí n padà sílé.”

Ìyá náà bá a so báńdéèjì le. “Jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé ìrẹsì ló kán ni, àbí egungun ẹ? Káńsù ló ni gọ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè ìrẹsì, kó lọ dúró sí bọ́dà.”