Mo Ní Òfìfo Ni Apẹ̀rẹ̀ Náà Ń Padà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo ti ń ka lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn níbí tipẹ́, mo sì máa ń jókòó sílé dá wọn lẹ́jọ́. Tèmi ló kàn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á tán. Ó ti rẹ̀ mí. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò ti lè jẹun dáadáa.

Ọmọ Ìlá ni mí. Bàbá mi ní ilẹ̀ lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀rà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí ilẹ̀ tirẹ̀ bá tiwa pààlà, Bàbá Fẹ́mi là ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Fẹ́mi ṣì kéré, wọ́n bá gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo, ibẹ̀ ló ti kàwé. Bàbá náà nìkan ló kù sílé. "Ìyàwó mi" ló máa ń pè mí láti kékeré, títí mo fi wọ ilé ọkọ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí bàbá mi lè lọ sóko mọ́, Bàbá Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣu wá fún wa. Tí iṣu tuntun bá ti jáde, á gbé apẹ̀rẹ̀ kan wá ní kíkún. Èmi ni mo máa ń kó iṣu náà kúrò nínú rẹ̀. Bàbá mi á ní, "Fi epo sí i fún un o." Màá ki ìgò epo pupa kan sínú apẹ̀rẹ̀, màá fi ewé bò ó. Ọdọọdún ni. Oore ni wọ́n ń ṣe fún ara wọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá mi kú. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́lé sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ta tiwa tán, ojú rẹ̀ bá lọ sí ti Bàbá Fẹ́mi. Ó ní bàbá wa ló yá a ní ilẹ̀ náà kó fi dáko. Ó ní iṣu tó ń gbé wá lọ́dọọdún, ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń san ìṣákọ́lẹ̀, kó má baà gbàgbé ẹni tó ni ín.

Inú yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà ni ẹ̀gbọ́n mi ti wá bá mi. Ọkọ mi ti lọ sí Èkó, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ìyá onílé mi a máa dúró tì mí lẹ́bàá kànga, á ní omi tí mo ń fà ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá lè sọ̀rọ̀ bí òun ṣe fẹ́ níwájú àwọn àgbà, púlọ́ọ̀tì kan lórí ilẹ̀ náà á jẹ́ tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Mi ò ní kí ẹ gbè mí lẹ́yìn.

Àwọn àgbà pè wá jọ níwájú ilé baálé wa. Bàbá Fẹ́mi ṣàlàyé tirẹ̀ tán. Baálé kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ lo máa ń gba apẹ̀rẹ̀ náà?"

Mo ní, "Èmi ni, bàbá."

"Tó bá ń padà lọ, kí ló máa ń wà nínú rẹ̀?"

Gbogbo wa ló mọ ohun tó ń wá. Lọ́dọ̀ wa, tí ọ̀rẹ́ bá gbé nǹkan wá fún ọ̀rẹ́, wọn kì í dá igbá rẹ̀ padà lásán. Ti ìṣákọ́lẹ̀ ni onílẹ̀ kì í fi nǹkan kan sí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Mo wolẹ̀. Mo ní, "Òfìfo ni, bàbá."

Bàbá Fẹ́mi kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìyàwó mi, epo ńkọ́?" Wọ́n dá ẹjọ́ náà fún wa. Kò pẹ́ tí bàbá náà kó lọ sí Ọ̀rà. Mo gbọ́ pé ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ ní tòótọ́.

Mo kọ́ yàrá mẹ́rin sórí púlọ́ọ̀tì tèmi, èmi náà di onílé. Mo ń tan ara mi pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́dún tó kọjá, tíṣà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sílùú wa gba yàrá lọ́wọ́ mi. Ó ti kó ẹrù wọlé kó tó sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ fún mi. Fẹ́mi ni. Ọmọ dáadáa ni, tó bá fa omi tirẹ̀ tán, á bá mi fa tèmi. Ṣùgbọ́n kì í lọ sí Ọ̀rà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kò jìnnà rárá. Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, láti kékeré ni bàbá mi ti ń kọ̀wé sí mi pé ilẹ̀ mi wà ní Ìlá, pé ó ń dúró dè mí. Mo ti fi yangàn fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi. Àṣé ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Kí ni mo tún fẹ́ lọ bá a sọ?"

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Mo ní kó ṣe sùúrù fún àgbàlagbà.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ránṣẹ́ láti Ọ̀rà pé bàbá náà kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń bèèrè. Fẹ́mi ní òun ń máàkì ìwé ìdánwò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Mo tiẹ̀ ti ń fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Tí kì í bá ṣe òtítọ́ tí ẹ sọ níwájú baálé lọ́jọ́ yẹn, irọ́ bàbá mi ni mi ò bá ṣì máa gbé kiri."

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́." Ẹ gbọ́ o, ohun tí mo fi dá a lóhùn nìyẹn.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní tí mo bá fi la ẹnu mi, àwọn tó ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ òun á dìde sí àwa méjèèjì, ilé mi á sì lọ sí i. Òótọ́ ló sọ. Mi ò ní ibòmíràn tí mo máa kó lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí. Ṣùgbọ́n bàbá náà ń kú lọ, irọ́ tèmi ló mú kí ọmọ rẹ̀ máa bínú sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á. Mo sì mọ̀ pé kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó lè ti pẹ́ jù. Fẹ́mi wà nínú yàrá tó kàn tèmi bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kù kí n dìde kí n kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, tó bá ṣílẹ̀kùn, tó ní, "Àǹtí, ẹ wọlé," kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ?