Abẹ́rẹ́ Tí Kò Lójú Ló Mú Ẹnu Mi Tọ́

Ògo ni fún Ẹni tó ń mú ohun tó wọ́ tọ́! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé E ga! Ẹ tún gbé E ga lẹ́ẹ̀kan sí i, torí tí mo bá dé ibi tí mò ń lọ nínú ẹ̀rí yìí, ó ṣeé ṣe kí halelúyà má yá yín lẹ́nu mọ́.

Mo kí Bàbá Pásítọ̀. Mo kí gbogbo ìjọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wa, èmi ni Ìyá Sànyà tó ń ta abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní ọjà ńlá Treichville ní Abidjan níbí. Ẹ wo ẹnu mi dáadáa. Ó tọ́, àbí kò tọ́? Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnu yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ọ̀tún mi. Ojú òsì mi kò ṣeé pa dé. Bí mo bá mu omi, àyà mi ló ń mu ìdajì rẹ̀. Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín mọ Ìyá Fọlá, ọ̀rẹ́ mi. Ìlà kan náà la wà lọ́jà láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà lẹ́yìn wa. Lọ́jọ́ kan tí òjò há wa mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ohun kan fún mi. Ó ní ìyá tó bí òun ya wèrè kó tó kú, pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo Abidjan, àwa mẹ́ta péré ló mọ̀ ọ́n: òun, èmi, àti Màmá Júlíẹ̀nì, ará Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó ń ta abọ́ irin ní ọ̀kánkán mi. Màmá Júlíẹ̀nì ló bá a tọ́jú ìyá náà nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Kútọnu, níbi tí òun ń gbé nígbà náà.

Nígbà tó yá, Fọlá rí ọkọ. Ọmọ ilé dáadáa ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ méjì ní Adjamé. Ẹ sì mọ àṣà wa, kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ilé: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilé ọkọ rán àgbà méjì wá. Wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, pé àwọn ti gbọ́ nípa ìyá àgbà ọmọ náà. Aṣọ ìgbéyàwó wà lára ìkọ́ níbi tí wọ́n jókòó sí, èmi ni mo ta síìpù ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyá Fọlá wá síbí, ó sunkún títí. Ó ní ẹnu méjì péré ló lè ti jáde. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ pe èmi àti Màmá Júlíẹ̀nì, wọ́n gbé Bíbélì sórí tábìlì. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e. Mo ní, "Bó bá jẹ́ ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, kí Ọlọ́run fi ẹnu náà hàn."

Ó kan Màmá Júlíẹ̀nì. Kò gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, "Jésù ní ká má ṣe búra rárá. Ó ní kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni tèmi. N kò sọ ọ́." Ẹ̀yin ará, ẹ rántí bí ẹ ṣe kùn lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan tilẹ̀ ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń bẹ̀rù? Ibẹ̀ ni wọ́n fi ẹjọ́ náà sí, gbogbo wa lọ sílé.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wọ ọkọ̀ èrò gbàkà láti Abobo, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ní gíláàsì, atẹ́gùn ń fẹ́ lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi títí dé orí afárá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bu omi sẹ́nu kí n fi ṣan ẹnu, omi náà tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wo dígí. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí n kò mọ̀. Mo pe ọkọ mi, Bàbá Sànyà. Ó wò mí. Kò bi mí pé kí ló ṣe mí. Ó ní, "Ìyá Sànyà, kí lo ṣe?"

Mo ní n kò ṣe nǹkan kan. Ẹnu wíwọ́ yẹn náà ni mo fi sọ ọ́.

Àwọn tí kò ní aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán wá ń ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi, kí wọ́n lè rí mi. Ìyá Fọlá wá, ó dúró, ó wò mí, ó yí padà. Gbogbo àwọn tó ti ń yẹra fún Màmá Júlíẹ̀nì padà lọ ń bẹ̀ ẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé òun nìkan ló wá bẹ̀ mí wò. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá nínú abọ́, ó mú igi ìfamu kan dání kí n lè fi fà á. Ó ní, "Mu ún. Ẹni tó ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ jẹun." Mo mu ún. N kò lè wo ojú rẹ̀, ojú òsì mi sì kọ̀, kò pa dé, kó má bàa rí i. Olúwa, o ṣeun tí o kò pa mí lọ́jọ́ yẹn.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà fi iná wo ojú mi, ó ní iṣan ojú ló kú, pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń padà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ ní sùúrù." Ó fún mi ní oògùn mímu àti omi ìkán sójú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kò padà. Aṣọ ni mo fi ń so ojú kí n tó lè sùn. Lábẹ́ aṣọ náà, ojú náà là sílẹ̀, Bíbélì orí tábìlì yẹn ló sì ń wò.

Oníbàárà mi kan wà, obìnrin kúkurú kan, ìyàwó sójà àtijọ́ tó bá àwọn Faransé jagun lókè òkun, tó sì fẹ́ ẹ bọ̀. Gbogbo ọjà ń pè é ní Ṣinuá, ìyẹn ará Ṣáínà, ó sì máa ń dá wọn lóhùn pé òun kì í ṣe Ṣinuá, ọmọ Vietnam lòun, Màdáàmù Lan lorúkọ òun. Ó wá ra òwú sílíkì. Ó fi òwú sílẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó ní kí n wá sílé òun ní Koumassi Remblais, pé iṣẹ́ bàbá òun ni, pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Bàbá Sànyà ní abẹ́rẹ́ lójú ènìyàn, ṣé kì í ṣe oògùn awo ilẹ̀ Vietnam nìyẹn? Bàbá Pásítọ̀ ní kí n bi í bóyá ó ń pe ẹ̀mí kankan. Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣan lòun ń wá, òun kì í pe ẹnikẹ́ni. Bàbá Sànyà tẹ̀ lé mi lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àga gígùn kan ló wà níbẹ̀, àwọn tí n kò rò pé mo lè bá níbẹ̀ ló sì jókòó sórí rẹ̀. Bíríkìlà kan tí orúnkún rẹ̀ wú. Ìyá kan, ọmọ ẹ̀yà Júlà, tí ẹrù ọjà ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Akọ̀wé kan tí orí ń fọ́ láti ọdún mélòó kan. Wọ́n ní ara ń tù wọ́n. Ọkùnrin kan wá tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, Màdáàmù Lan kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó. Ó ní kó máa lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, pé abẹ́rẹ́ òun kì í ṣe fún gbogbo nǹkan. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà á gbọ́.

Ó mú abẹ́rẹ́ náà jáde nínú ọtí tó rẹ wọ́n sí. Èmi tí mo ti ń ta abẹ́rẹ́ láti kékeré, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó tín-ín-rín bí irun, kò sì ní ojú. Mo ní, "Kí ni wọ́n ń fi rán?" Ó ní kì í rán nǹkan kan. Ó gún ọ̀kan sáàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, ó gún ọ̀kan sẹ́yìn etí, ó gún ìyókù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìgun ẹnu. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Ó kàn wúwo, ó sì ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Ó ní fún ìdajì wákàtí, mi ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì dákẹ́ fún ìdajì wákàtí rí. Àwọn bàbá wa ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, mo wá ń gbọ́ ohùn ara mi: "Kí Ọlọ́run fi ẹnu náà hàn."

Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ẹ̀rù má bàa tún bà mí. Àbúrò ìyá ọkọ Fọlá wá ra síìpù lọ́dọ̀ mi, ó bi mí bí ilé wọn ṣe rí. Mo lè ní n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tèmi wà nílé, ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀, ti Ìyá Fọlá sì ń lọ ilé ṣọ́ọ̀bù méjì. Inú bí mi. Mo sì fẹ́ kí obìnrin náà mọ̀ pé èmi náà mọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Nígbà tí Màdáàmù Lan yọ abẹ́rẹ́ tán, mo bi í bóyá ìbúra lè fa irú àìsàn yìí. Ó ní atẹ́gùn ló wọlé. Ó ní, "Atẹ́gùn kò mọ ẹni tó búra." Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí kì í bá ṣe Ọlọ́run ló wọ́ ẹnu mi, a jẹ́ pé Ọlọ́run kò tíì sọ̀rọ̀.

Nígbà karùn-ún tí mo lọ, ojú mi ṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ìgbà kọkànlá, mo lè fẹ́ iná ìṣáná pa. Bóyá abẹ́rẹ́ ni o, bóyá àsìkò tí dókítà sọ ló tó, Ọlọ́run ló ni méjèèjì. Ẹ ṣeun, Bàbá! Mo wá dúpẹ́ níbí. Ẹ rántí. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ọlọ́run ti dá a láre!" Gbogbo ìjọ gbà á sọ. Gbogbo ojú sì yí sí ibi tí Màmá Júlíẹ̀nì jókòó.

Ẹnu mi tọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu títọ́ yẹn ni mo fi ní "Àmín."

Ìyá Fọlá gbá mi mọ́ra. Ẹ kò ra abọ́ lọ́wọ́ Màmá Júlíẹ̀nì mọ́, ẹ kò kí i mọ́. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi di abọ́ rẹ̀, tó padà sí Pọ́bẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní, "Ó dàbọ̀, Ìyá Sànyà." Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá wo dígí, ẹnu wíwọ́ ni mò ń rí. Àwọn ènìyàn ní ó tọ́. Èmi ń rí i pé ó wọ́. Mo padà lọ bá Màdáàmù Lan, mo ní ó ti tún dé. Ó tẹ gbogbo ojú mi wò, ó ní ojú mi yá gágá. Ó ní òun kò ní abẹ́rẹ́ fún èyí tí mo ń sọ.

Ní oṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀, mo gba Gáná, mo gba Tógò, mo dé Pọ́bẹ̀. Mo bá a lẹ́yìnkùlé tó ń yan gààrí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá ọwọ́ dúró.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹnu rẹ ti tọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní, "Ibi tí o ti fi í parọ́ ni kí o lọ ti fi í sọ òótọ́. Níbí, èmi àti adìyẹ nìkan ló ń gbọ́ ọ." Ó wá bu omi fún mi mu.

Ìdí tí mo fi dúró síbí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìṣòro, ẹ má sọ̀rètí nù, Ọlọ́run tó rán obìnrin Vietnam sí mi ní Treichville kò ní gbàgbé yín. Bí ojú bá wọ́ yín, ẹ tètè lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ bo etí yín nínú gbàkà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tún ka ẹjọ́ lójú aláìsàn mọ́, ẹ má sì kà á lójú ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi.

Fọlá, mo rí ọ láàárín àwọn akọrin. Ìyá Fọlá, ọ̀rẹ́ mi, wo ẹnu mi. Èmi ni. Màmá Júlíẹ̀nì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà sì ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Bàbá Pásítọ̀, ẹ bá mi gbé Bíbélì yẹn kúrò lórí tábìlì, n kò ní búra sí i.