Ibi tí Ẹfúnróyè Ti Ń Rí Ẹja Nígbà Ọ̀gbẹlẹ̀

Ẹ súnmọ́ mi. Ìwọ tí o ń sọ̀rọ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ létí, mo rí ọ. Bó bá jẹ́ pé o ti gbọ́ ìtàn yìí ní agboolé kejì, irọ́ ni wọ́n pa fún ọ.

Ní ayé àtijọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀gbẹlẹ̀ dá. Ó dá títí odò fi gbẹ, odò gbẹ títí ilẹ̀ rẹ̀ fi sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ àgbà, ó ń gbẹ ọmọdé, ewúrẹ́ kò lè ké mọ́.

Ṣùgbọ́n òórùn ẹja ń jáde nídìí ààrò Ẹfúnróyè, ìyá ńlá tó bí ìdílé wa. Ẹja tútù ni o! Lónìí ẹja, lọ́la ẹja. Ká ní ẹ̀yin ni aládùúgbò rẹ̀, kí ni ẹ óò rò? Ẹ má purọ́ fún mi. Èmi náà ì bá fura, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Wọ́n ní àjẹ́ ni. Wọ́n ní òun ló gbé odò mì. Ó ní kí wọ́n bá òun ká lọ wo ibi tí òun ti ń rí i, wọ́n ní ó fẹ́ mú àwọn lọ jẹ ni. Ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́wùnmí, kọ́kọ́ ń gbèjà rẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, bí ó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, ọkùnrin yìí á ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ wo ọ̀ràn! Ẹja obìnrin yìí ló ń jẹ yó, ó tún ń fura sí i.

Ó wá bi í lọ́jọ́ kan: "Ẹfúnróyè, níbo lo ti ń rí ẹja?"

"Nínú odò wa ni, olówó orí mi."

"Odò tó ti gbẹ?"

"Òun náà ni. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"N kò bá ọ lọ síbì kankan. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kó ẹrù rẹ, kí o sì fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ọmú ni ọmọ ọ̀hún ṣì ń mu. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyá wa wọra.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò kó ẹrù. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé ọkọ́, ó kọrí sódò. Gbogbo ìlú yọ kùmọ̀ tẹ̀ lé e, Ọdẹ́wùnmí ló ṣíwájú wọn. Wọ́n dúró sí bèbè, wọn kò sọ̀kalẹ̀.

Ihò wẹ́wẹ́ wà káàkiri ilẹ̀ odò náà. Àwọn ará ìlú ní ihò ejò ni, òkúta ni wọ́n fi ń dí i. Páńsá ò fura, páńsá já sí iná, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fura jù náà ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣera rẹ̀. Ẹfúnróyè kúnlẹ̀ síbi ihò kan tí wọn kò tíì dí, ó walẹ̀, ó wà á títí. Àrọ̀ ńlá kan yọ orí nínú ẹrẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì. Ó gbé e kúrò, ó tún gbẹ́ ẹ sí i, omi sì sun jáde.

Ẹ gbọ́ o. Ẹja mìíràn, bí omi bá tán, ó parí. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Bí odò bá ń fà, á wa ẹrẹ̀ wọlẹ̀ lọ síbi tó ṣì tutù, á fi ihò sílẹ̀ lókè tí yóò máa gbà mí. Ibi tó bá sì sá sí, omi kò jìnnà síbẹ̀.

Ìyá wa ṣí ihò kan tí wọ́n ti dí. Òórùn òkú ẹja gba afẹ́fẹ́ kan.

"Èyí tí ẹ fi ọwọ́ yín pa nìyí," ló wí. "Ọmọ yín náà ni òùngbẹ ì bá pa tẹ̀ lé e."

Ọdẹ́wùnmí ju kùmọ̀ nù, ó sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún aya rẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin wa gbọ́dọ̀ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọbìnrin á sọ̀kalẹ̀ sódò, kò ní ṣàlàyé ohunkóhun. Bí ọkùnrin náà bá tọ̀ ọ́ lọ nínú ẹrẹ̀, a ó fún un. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá fẹ́ mi dúró sí bèbè, ó ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó dára lọ́kùnrin o, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Mo ní kó máa lọ sílé baba rẹ̀.