Jẹ́ Kí Díẹ̀ Ṣàn Kọjá

Ní Ọ̀fàdà, níbi tí mo ti ń dúró de ìrẹsì mi lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀dọ́bìnrin aláró kan ń kó èèpo ìrẹsì sínú àpò, ìyá àgbàlagbà kan sì jókòó tì í.

"Èèpo yìí la máa ń sun, mà, ká fọ̀ ọ́, ká wá fi sẹ́ omi aró kó tó ṣàn dé ọ̀dọ̀ yín."

"Mo rí i. Odò ẹ̀yìnkùlé mi ti mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n láyé ìyá ẹ, tí aró bá ti ṣàn kọjá láàárọ̀, mo mọ̀ pé ó ti jí nìyẹn. Lọ́jọ́ kan péré, jẹ́ kí díẹ̀ ṣàn kọjá."

Ọ̀dọ́bìnrin náà dáwọ́ dúró.

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń bá màámi jà nítorí aró yẹn?"

"Èmi ni. Nígbà yẹn, mo ń rí i bá jà."